Alápò Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ Búlúù

Ọdún mẹ́fà gbáko ni Marufat fi gbálẹ̀ ní ilé ẹranko kan nítòsí àdúgbò Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń sin eku funfun fún ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Láàárín ọdún mẹ́fà náà, kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ní kó fọwọ́ kan ẹranko. Ìgbálẹ̀ ni tirẹ̀, àti garawa, àti àpò ìdọ̀tí. Àwọn tó wọ kóòtù funfun ló ń fún eku lóúnjẹ, àwọn ló ń wọ̀n wọ́n, àwọn ló sì ń fi ìrù mú wọn láti inú àgò kan bọ́ sí òmíràn. Marufat a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a máa wò bí ẹni tí kò wo nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ bá ti gbé, ọkàn rẹ̀ kì í sọ ọ́ nù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti sọ fún wọn pé eku kan kò jẹun bó ṣe yẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kó máa gbálẹ̀ rẹ̀ lọ, eku náà sì kú kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ó rántí ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó rántí ẹni tó dá a lóhùn àti àwọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀.

Nígbà tí olùtọ́jú ẹranko kan fẹ̀yìn tì ní oṣù kẹwàá, Marufat kọ̀wé béèrè fún ipò rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fẹ́, ó ní i. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ló ti gbà á, nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì. Ìgbà àkọ́kọ́ tó jókòó ṣe ìdánwò, ìṣirò gbé e ṣubú. Ìgbà kejì, òjò gbá bàtà rẹ̀ lọ ní Ọjà Igbó, ẹsẹ̀ lásán ló fi wọ gbọ̀ngàn, ìṣirò tún gbé e ṣubú. Ìgbà kẹta ló yege. Kò fi í ṣe ìtàn fún ẹnikẹ́ni. Ó ká ìwé náà sínú ọ̀rá, ó fi sí ìsàlẹ̀ àpótí, ọjọ́ tó fẹ́ kọ̀wé fún iṣẹ́ yìí ló tó yọ ọ́.

Ọ̀gá ilé ẹranko náà ni Dókítà Josiah, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹni tí kì í yára sọ̀rọ̀. Kò fi Marufat rẹ́rìn-ín. Ó pè é wọ ọ́fíìsì, ó sọ fún un pé orúkọ méjì ló wà níwájú òun. Èkejì ni Olúwaṣògo, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gba ìwé ẹ̀rí gíga nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹranko. Ó ní ìwé ti Olúwaṣògo ju tirẹ̀ lọ, òun kò ní í purọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, òun kò sì tíì rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.

Ó wá mẹ́nu ba ẹranko ọmọbìnrin rẹ̀. Hámístà ni wọ́n ń pè é. Ó jọ eku, ṣùgbọ́n ó kúrú, ó sanra, ìrù rẹ̀ kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, irun rẹ̀ sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bíi bisikíìtì. Nítorí náà ni Olúwatómisìn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ṣe sọ ọ́ ní Bisikíìtì. Ìdílé Dókítà ń lọ lo Kérésìmesì lọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀ lẹ́yìn Jọ́ọ̀sì.

“Màmá Bushrah, ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì,” ni Dókítà wí. Orúkọ ọmọ Marufat ló fi ń pè é. “Gbogbo ẹni tí a ti gbé e fún ló ti gé jẹ, èmi pàápàá. Bí mo bá dé tí ara rẹ̀ le, tó sì ń jẹ́ kí ẹ mú òun, orúkọ yín ni màá fi ránṣẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ti Olúwaṣògo ni.”

Marufat ní kò burú. 

Lọ́jọ́ tó lọ gba ẹranko náà, Tómisìn ti kọ ìlànà sínú bébà pẹ̀lú lẹ́tà gbọ̀ngbọ̀n. Bisikíìtì ń sùn lójú ọ̀sán, kí wọ́n má jí i. Òun nìkan ló gbọ́dọ̀ máa gbé inú àgò rẹ̀, láìsí ẹranko mìíràn. Omi kò gbọ́dọ̀ kan ara rẹ̀, yanrìn gbígbẹ ló fi ń wẹ̀. Kùkúńbà tín-ín-rín, kárọ́ọ̀tì tín-ín-rín, ẹ̀gúsí bíi mẹ́ta. Ojú ọmọ náà pọ́n. Ó tẹ́nu mọ́ irin àgò, ó sọ ọ̀rọ̀ kan wúyẹ́wúyẹ́, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó sì yára yọ ọ́. Marufat rò pé ó ń bẹ̀rù eyín ni.

Ilé ìwé ti tì, nítorí náà Marufat gba ilé ìyá rẹ̀ lọ ní ìlú Ọ̀yọ́. Orí itan rẹ̀ ló gbé àgò náà lé nínú ọkọ̀, ó fi ìborùn bò ó nítorí ọyẹ́. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Nùrẹ́nì, ń fín igbá nínú agbo ilé wọn tí kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní àádọ́rin, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbọ̀n rí lórí igbá. Nùrẹ́nì fúnra rẹ̀, ẹ̀gbọ́n Marufat, wà nílé pẹ̀lú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú àgò, ó wo kùkúńbà tí wọ́n gé bí ewé.

“Èyí tí ẹ ń fi sàláàdì bọ́ yìí,” ló wí, “ṣé ó mọ̀ pé eku ni òun?”

Marufat kàn ń kó kùkúńbà náà sínú àgò. Iṣẹ́ ló ń rò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tó bó ẹ̀pà tán fún ìyá rẹ̀, ó ṣí àgò, ó sì na ọwọ́ sí Bisikíìtì láti òkè. Ẹranko náà gbóòórùn ẹ̀pà, ó ṣí ẹnu, ó sì gé ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ jẹ. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí ẹní. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣe bó ṣe rí i tí àwọn oníkóòtù funfun ń ṣe é. Ó wá ìrù. Kò sí ìrù tó ṣeé dì mú. Ọ̀sán gangan sì ni, ẹranko wà lójú oorun. Àtàǹpàkò ló gé jẹ lọ́tẹ̀ yìí, eyín sì wọlé ju ti àkọ́kọ́ lọ. Marufat fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́, ó wé e, ó jókòó ti ògiri. Ó ku ọjọ́ méjìlá. Ọ̀nà tó mọ̀ láti ọdún mẹ́fà, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ti ń wò ó láti orí àpótí tó jókòó lé, ọ̀bẹ ìfíngbá lọ́wọ́.

“Àwẹ̀ró,” ló pè é, oríkì rẹ̀ nìyẹn, “kí lo fẹ́ ṣe sí ẹranko náà gan-an?”

“Mo fẹ́ mú un ni, ìyá mi.”

“Ohun tó fi ń gé ọ jẹ nìyẹn. Olè là ń mú. Adìẹ tí a fẹ́ pa là ń mú. Ọmọ, gbígbé là ń gbé e. Ṣé ìwọ kò rí bí ọwọ́ rẹ ṣe ń ti òkè bọ̀ ni? Ohun kékeré tó ń rìn nílẹ̀, ohunkóhun tó bá ti òkè wá bá a, àṣá ni.”

Ó sọ ọ̀bẹ kalẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú ahá kan jáde láàárín àwọn igbá tó ti fín tán. Ahá ni igbá kékeré tí àwọn àgbà fi ń bu omi mu. Ti èyí gba àtẹ́lẹwọ́ méjì dáadáa, inú rẹ̀ sì dán. Ó ní igbá ni àwọn fi ń gbé ohun tí kò ṣeé mú: omi, ìyẹ̀fun, ẹyin, àti eku ọlọ́lá. Kí ó gbé e sílẹ̀ fún un, kí ó fi í sílẹ̀, kí ẹranko náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, Marufat yí ọwọ́ padà. Bí wọ́n bá ti kírun mọ̀ǹgàríbá tán, nígbà tí Bisikíìtì bá jí, Marufat a máa fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́ títí òórùn oúnjẹ yóò fi lọ. A jókòó sórí ẹní nílẹ̀ẹ́lẹ̀, nítorí ẹranko tó kéré tó bẹ́ẹ̀, bó bá bọ́ láti ìbàdí èèyàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kán. A fi ahá sínú àgò, ẹ̀gúsí méjì nínú rẹ̀, a sì gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láì sún. Ó rántí pé ó yẹ kí ẹranko mọ ohùn òun, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí èèyàn ń bá hámístà sọ. Ohun tó wá sí i lẹ́nu ni ìṣirò àkọ́sórí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti méjì lọ́nà méjì, ó ń kà á jẹ́jẹ́, ó kà á dé ìlọ́po méje, èyí tó gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejì.

Nùrẹ́nì gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní àbúrò òun ti di tíṣà eku.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, Bisikíìtì kàn gbóòórùn etí ahá, ó pẹ̀yìn dà. Ọjọ́ kejì, ó yọ orí wọlé, ó gbé ẹ̀gúsí, ó sá. Ọjọ́ kẹta, ní méje lọ́nà mẹ́jọ, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ inú ahá, ó jókòó, ó ń fọ ojú. Marufat fi ọwọ́ méjèèjì gbé ahá náà sókè, kò ju ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan sí ilẹ̀ lọ, ó sì gbé e sí orí itan rẹ̀. Kò gé e jẹ. Ìyá rẹ̀ fi ọ̀bẹ gbá àpótí lẹ́ẹ̀kan.

Níbi tó ti ń wò ó láti ìtòsí lọ́jọ́ náà ló ti rí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bisikíìtì wú. Méjèèjì ló wú, wọ́n yọ gọngọ kúrò lábẹ́ etí. Marufat gbé ahá sún mọ́ iná, ó pe ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan.

“Ṣegede ni.”

Ta ni kò mọ ṣegede? Marufat pé ọmọ ọdún méje nígbà tí ó mú un. Ó rántí pé ọjọ́ Jímọ̀ ni, pé kò lè gbé omi mì, àti pé ìyá rẹ̀ po búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, ó fi kùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, àwọn ọmọ agbo ilé sì fi ọjọ́ mẹ́ta pè é ní Aláró. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rọ̀. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá búlúù ló mú un rọ̀ tàbí ọjọ́ ló pé. Marufat náà po búlúù, ó mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ó wé òwú mọ́ ẹnu rẹ̀, ó tì í bọ búlúù, nígbà tí Bisikíìtì sì ń jẹ ẹ̀gúsí nínú ahá, ó fi kùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó fi kùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ti rọ̀ pátápátá. Inú wọn dùn. Ìyá Nùrẹ́nì ní àwọn òyìnbó kò mọ gbogbo nǹkan. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì tún ti wú.

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Marufat. Ṣegede kì í lọ láàárọ̀ kó padà dé lálẹ́ bí òṣìṣẹ́. Ó fà sẹ́yìn, ó jókòó, ó sì ṣe ohun tó ti fi ọdún mẹ́fà ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹranko. Ó wò. Búlúù náà ti gbẹ mọ́ irun bí ilà kan. Bisikíìtì gbé ẹ̀gúsí kan, kò jẹ ẹ́, ó tì í sẹ́nu. Ó gbé èkejì. Ó gbé ẹ̀kẹta. Bó ṣe ń tì wọ́n sẹ́nu ni ilà búlúù ti apá òsì ń na, ó ń sún lọ sẹ́yìn, títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé èjìká. Lẹ́yìn náà ni ẹranko náà sáré lọ sí igun rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú, ẹ̀gúsí sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilà búlúù sún padà sí àyè rẹ̀.

Àpò ni. Ẹranko náà ní àpò lẹ́rẹ̀kẹ́.

Marufat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní òkété pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá òun fi hàn òun lóko nígbà tí òun kéré. “Lóko ni mo ti mọ̀ ọ́n,” ló wí. “N kò mọ̀ pé ó lè wá bá mi nílé.” Láti ìgbà náà ló ti sọ Bisikíìtì ní Alápò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín Marufat kò pẹ́. Ilà búlúù ti apá ọ̀tún kò sún. Nígbà tí àpò òsì kún, ó nà, nígbà tí ó ṣófo, ó rọ̀. Ti ọ̀tún nà bí aṣọ tí wọ́n fà mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ló sì wà láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ló wà lọ́sàn-án. Ó gbé imú sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn nǹkan kíkan. Nǹkan kan wà nínú àpò ọ̀tún tí kò lè jáde.

Ó pe nọ́ńbà Dókítà Josiah lẹ́ẹ̀mẹta, kò wọlé. Nùrẹ́nì gba àbúrò rẹ̀ nímọ̀ràn tọkàntọkàn. Ó ní ẹranko náà ṣì ń jẹun, ó ṣì ń sáré. Kó nu búlúù yẹn kúrò, kó máa bọ́ ọ bó ṣe ń bọ́ ọ, bó bá fi lè mí títí wọn ó fi dé, iṣẹ́ ti bọ́ sí i. Bó bá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tó bá kú síbẹ̀, ta ni yóò gbà pé òun kọ́ ló pa á?

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Marufat rò ó títí oúnjẹ rẹ̀ fi tutù. Ṣùgbọ́n ó rántí ẹ̀ẹ̀mẹta tó sọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kó máa gbálẹ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà náà, ẹlòmíràn ló ni ọ̀rọ̀. Nísinsìnyí òun ni. Bó bá rí i tó dákẹ́, kí wá ni ìyàtọ̀ láàárín òun àti àwọn oníkóòtù funfun yẹn?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kà á títí dé méje lọ́nà mẹ́jọ, Alápò wọ ahá, ó fi ahá kejì tó lu ihò sí dé e, ó fi ìborùn wé e, ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ Dókítà Saifudeen, dókítà ẹranko kan nínú ìlú Ọ̀yọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Ó sọ pé ewúrẹ́, ajá àti adìẹ ni òun ń rí jù, ṣùgbọ́n òun kọ́ nípa hámístà níléèwé. Nígbà tó rí búlúù, ó wo Marufat, ó tún wo búlúù. Marufat sọ òtítọ́ fún un. Ó bá a wí pé ẹranko tó ń lá ara rẹ̀ kò yẹ kí èèyàn fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kùn. Marufat ní òun gbọ́.

Dókítà Saifudeen ní kí ó gbé e, kí òun ṣiṣẹ́. Marufat fi aṣọ múlọ́múlọ́ wé ẹranko náà, ó kó àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì jọ yí i ká, kò fún un, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ń mọ̀ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń sáré lábẹ́ ìka òun. Dókítà fi síríńjì kékeré ta omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú àpò náà, díẹ̀díẹ̀, ó dúró, ó tún ta á. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀mú tín-ín-rín wọlé. Ohun tó fà jáde dúdú, ó lẹ̀, ó sì so mọ́ ìdajì ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. Bàbá dúdú ni, mìndìnmíndìn àgbọn tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ iléèwé.

“Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí i,” ni Dókítà Saifudeen wí, “àpò yẹn yóò jẹrà, ẹranko náà yóò sì kú. Ta ló sọ fún yín pé nǹkan wà nínú rẹ̀?”

Marufat kò mọ bí ó ṣe fẹ́ sọ pé búlúù ni.

Ó gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, ó wé bàbá dúdú náà sínú bébà, ó fi pa mọ́. Ọjọ́ méjì ni Alápò fi jẹ ohun rírọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, àpò méjèèjì ń kún, wọ́n sì ń ṣófo. Búlúù ló kù. Marufat fi aṣọ tútù díẹ̀ nù ún, èyí tó wà lókè lọ, ṣùgbọ́n omi kò gbọ́dọ̀ rin ín, yanrìn kò sì mọ búlúù í fọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì fi pé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ṣì ní àwọ̀ bí ojú ọ̀run àárọ̀.

Bí ó ṣe gbé e wọ ọ́fíìsì Dókítà Josiah lọ́jọ́ Ajé nìyẹn. Olúwaṣògo ti wà níbẹ̀, ó dìde, ó kí i pé ẹ káàárọ̀ mà. Tómisìn náà wà níbẹ̀, ó sáré wá síbi àgò. Dókítà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ojú rẹ̀ sì yí padà.

“Màmá Bushrah, kí ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀?”

Ó lè sọ pé yíǹkì ni. Ó lè sọ pé ọmọ kan ló ṣe é.

“Búlúù ni, sà. Èmi ni mo fi kùn ún. Mo rò pé ṣegede ló mú un.”

Olúwaṣògo yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Marufat sì rò ó fún un bó ṣe ṣẹlẹ̀, ọjọ́ dé ọjọ́, láì fo ìgbà méjèèjì tó gé e jẹ. Ó sọ bí ilà ọ̀tún ṣe kọ̀ tí kò sún, àti bó ṣe pe fóònù tí kò wọlé. Ó gbé ìwé Dókítà Saifudeen lé orí tábìlì, ó gbé bàbá dúdú tì í. Ó ní òun kò mọ ibi tó ti rí i.

Tómisìn bú sẹ́kún. Ó ní òun ni, òun fi sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, kó má baà rò pé àwọn já a sílẹ̀. Òun rò pé wọn yóò lu òun, ni kò ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá Bushrah ti sọ tiwọn, òun náà sọ tòun.

Dókítà fà á mọ́ra. Ó ka ìwé náà tán, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n mú ẹranko náà jáde, kí Olúwaṣògo kọ́kọ́ gbìyànjú.

Olúwaṣògo wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Kò mẹ́hẹ, ìwé tó kà ló ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n òkè ni ọwọ́ rẹ̀ ti wá. Alápò dùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìn, ó yọ eyín, ó sì di ìka ìbọ̀wọ́ náà mú. Olúwaṣògo fa ọwọ́ yọ pẹ̀lú ẹranko tó ń fì lórí rẹ̀, ó sì fẹ́ gbọn ọwọ́.

“Ẹ má gbọn ọ́n,” ni Marufat wí. Kò pariwo. “Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, yóò fi yín sílẹ̀.”

Olúwaṣògo sọ ọwọ́ sínú àgò. Ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, eyín tú. Alápò sá lọ sí igun, àyà rẹ̀ ń lù. 

Marufat lọ fọ ọwọ́. Ó padà wá, ó jókòó sórí ilẹ̀ ọ́fíìsì náà, ilẹ̀ tó ti gbá fún ọdún mẹ́fà, ó gbé ahá pẹ̀lú ẹ̀gúsí méjì sínú àgò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kò yára. Ó ka ìlọ́po méjì, ó ka mẹ́ta, ó ka mẹ́rin. Olúwaṣògo wo Dókítà, Dókítà fi ìka kan ètè. Ní ìlọ́po mẹ́fà, Alápò yọ imú. Ní méje lọ́nà márùn-ún, ó dé etí ahá, ó gbóòórùn ọwọ́ tó wà níbẹ̀.

“Méje lọ́nà méje jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́ta,” ni Marufat wí jẹ́jẹ́. “Méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.”

Alápò wọ inú ahá. Ó jókòó, ó kó ẹ̀gúsí méjèèjì sí àpò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ búlúù méjèèjì sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́gbọọgba. Marufat gbé e jáde sórí itan rẹ̀, ó dojú ahá sẹ́gbẹ̀ẹ́, Alápò rìn bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní kí Tómisìn jókòó sílẹ̀, kó fọwọ́ sí abẹ́ tòun. Ẹranko náà rìn láti ọwọ́ kan bọ́ sí ìkejì, ọmọ náà kò sì lè mí dáadáa nítorí ayọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, kò tíì jókòó sọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Olúwaṣògo ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú Marufat, ó ní, “Ẹ̀yin mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ mi.”

 Dókítà Josiah ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé ẹranko, èyí tí Marufat ti ń rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti ọdún mẹ́fà, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́. Ó ní lẹ́tà yóò tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n àwọn eku kò tíì jẹun láàárọ̀.

Wọ́n kò tíì jẹun lóòótọ́. Marufat bọ́ wọn. Ó tún omi wọn ṣe, ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí, ó so ahá mọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó jáde sí òòrùn, ó sì pe Ọ̀yọ́. Ó ń gbọ́ ohùn Nùrẹ́nì lẹ́yìn, tó ń béèrè bóyá eku náà yege. Ìyá rẹ̀ ní kí Nùrẹ́nì dákẹ́.

“Ìyá mi,” ni Marufat wí, “wọ́n ti mú mi.”

Marufat gbọ́ tí ìró ọ̀bẹ ìfíngbá dúró nínú fóònù.

“Wọn ò mú ọ, Àwẹ̀ró,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Wọ́n gbé ọ ni.”